Orí Karùn-ún: Gágá Kì í Gba Ọ̀nà Kan Wọ̀lú

Ní ọdún 1892, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Jámánì tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń dènà àrùn gágá gbọ́dọ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Berlin, ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Richard Pfeiffer, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Robert Koch ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àrùn tí ìjọba Prussia dá sílẹ̀ ní 1891, kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa gágá. Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Hamburg, ní oṣù Ògún. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì tó rọlẹ̀, ó ti pa nǹkan bí 8,600 ènìyàn. Ní Hamburg, àwọn onímọ̀ mọ kòkòrò náà, wọ́n mọ ọ̀nà tó ń gbà, wọ́n sì dí ọ̀nà náà pa. Ní Berlin, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ọ̀daràn, àṣé ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ká tilẹ̀ ní Pfeiffer rí ọ̀daràn gan-an lọ́jọ́ náà, kò sí bí Jámánì ṣe lè dí gágá bí ó ṣe dí onígbáméjì, nítorí gágá kò ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè dúró sí kí a sé e mọ́. Asẹ́ púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jò, ni a ń tò léra láti fi dá a dúró. Ẹni tó bá sì sọ asẹ́ kan nù nítorí pé ó ń jò kò tíì mọ irú àrùn tó ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ Hamburg wò dáadáa. Odò Elbe ni ìlú náà ti ń fa omi, bí wọ́n sì ṣe fà á ni wọ́n ṣe ń dà á sínú ọ̀pá tó ń gbé e dé ilé onílé, láìsẹ́. Altona, ìlú tó fara kan Hamburg, tó sì wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, ń fa omi nínú odò kan náà, kódà nísàlẹ̀ odò, níbi tí ìdọ̀tí Hamburg ti ṣàn dé. Ṣùgbọ́n Altona ń fi yanrìn sẹ́ omi tirẹ̀. Títì kan wà tó pààlà ìlú méjèèjì, tí à ń pè ní Schulterblatt. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí àwọn ilé tó wà ní ọ̀tún àti òsì títì yìí, irú ènìyàn kan náà ló ń gbé inú wọn, síbẹ̀ ìhà Hamburg ni wọ́n ti ń gbé òkú jáde. Èyí tó tún wá múni ronú jù ni agbo ilé kan tí wọ́n ń pè ní Hamburger Hof. Orí ilẹ̀ Hamburg ló wà, ṣùgbọ́n omi Altona ló ń wọ inú rẹ̀, àrùn náà kò sì dé ibẹ̀. Àwọn kan, tí Max von Pettenkofer ti Munich jẹ́ aṣáájú wọn, ti ń sọ fún ọdún púpọ̀ pé èéfín burúkú láti inú ilẹ̀ ló ń fa onígbáméjì. Agbo ilé yìí dá wọn lóhùn kedere: ilẹ̀ kan náà, omi ọ̀tọ̀, àbájáde ọ̀tọ̀. Ní 1893, wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi yanrìn sẹ́ omi ní erékùṣù Kaltehofe, Hamburg kò sì tún rí irú ikú bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ onígbáméjì mọ́.

Ìṣẹ́gun yìí dùn mọ́ni, ó sì tún ṣini lọ́nà díẹ̀. Ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo àrùn ló ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1893 kan náà ni Hamburg yan Bernhard Nocht ṣe dókítà èbúté, kí ó máa yẹ àwọn ọkọ̀ ojú omi wò. Ní 1900, ó dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ilé náà sì ti bá ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Edo, ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ibà Lassa. Ẹ̀ṣọ́ èbúté wúlò fún àrùn tó bá hàn lára èrò kó tó sọ̀ kalẹ̀. Gágá kì í dúró kí wọ́n yẹ òun wò. Ní ìparí oṣù Igbe 2009, nígbà tí gágá tuntun tó ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá ń ti Mẹ́síkò tàn kálẹ̀, ẹni mẹ́ta ni Jámánì kọ́kọ́ rí i lára wọn, ọ̀kan ní Hamburg, méjì ní Bavaria. Pápá ọkọ̀ òfuurufú kò dá a dúró, nítorí ẹni tó ti kó o lè bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù láìní ibà kankan lára.

Ìlú Èkó ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Bida dé láti Gold Coast, Gánà òní, àwọn tó ti kó gágá sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé, àwọn ará Èkó tí ẹ̀rù ń bà ti ń wọ reluwé sá lọ sí òkè, wọ́n sì ń gbé àrùn náà lọ sí ìlú tí kò tíì dé. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé ó tó 500,000 ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo ará ilẹ̀ náà kò ju mílíọ̀nù 18 lọ. Káàkiri ayé, nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ló bá a lọ.

Ẹni tí Pfeiffer mú

Báwo ni ọlọ́gbọ́n bíi Pfeiffer ṣe wá ṣìnà? Ó wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn tí gágá ń ṣe lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó rí bakitéríà wínníwínní tó dà bí ọ̀pá kúkúrú, ó sì rí i pé ó máa ń pọ̀ sí i bí òun bá fi ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Koch, ti là á sílẹ̀ pé kí a tó dá kòkòrò kan lẹ́bi, a gbọ́dọ̀ máa rí i lára gbogbo ẹni tó ní àrùn náà, kí ó sì lè fa àrùn náà bí a bá fi sára ẹranko tí ara rẹ̀ yá. Bakitéríà Pfeiffer kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí. Òkìkí ilé tó ti jáde ló jẹ́ kí ayé gbà á. Nígbà tí gágá 1918 dé, àwọn dókítà ní ilẹ̀ púpọ̀ wá bakitéríà náà lára aláìsàn, àwọn kan rí i, ọ̀pọ̀ kò rí i. Àjẹsára tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ kò dá gágá dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bakitéríà yìí ti máa ń gbé jẹ́jẹ́ nínú imú àti ọ̀fun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí gágá bá ti bó awọ inú ọ̀nà ọ̀fun, bakitéríà náà a rí àyè wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì di òtútù àyà. Ẹni tó wá kó ẹrù lẹ́yìn tí olè ti fọ́ ilẹ̀kùn ni Pfeiffer mú, olè gan-an sì ti lọ. Ní 1933 ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw tó mú un ní London: wọ́n sẹ́ omi tí aláìsàn fi yọ ọ̀fun títí tí kò fi ku bakitéríà kankan nínú rẹ̀, wọ́n fi ohun tó ṣẹ́ kù sí imú ferret, ẹranko kékeré kan, gágá sì mú un. Ohun tó gba inú asẹ́ kọjá ni fáírọ́ọ̀sì.

Láàrin 1892 sí 1933, kò sí oògùn gágá ní Berlin, kò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú ọ̀fọ̀ 1918 ni Joseph Sadare àti olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Odunlami, ti kó àwọn ènìyàn jọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún àdúrà, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lo omi òjò. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde, tó wà lára ìpìlẹ̀ Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi. Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń pèsè omi tó mọ́, tó ń ṣaájò aláìsàn, tó sì ń gbàdúrà lé e lórí, kò ṣe ohun tó kéré sí ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fún un ní àjẹsára tí kì í ṣe ti àrùn rẹ̀.

Àṣìṣe Pfeiffer kò tíì kú tán. Bakitéríà náà ṣì ń jẹ́ Haemophilus influenzae, lẹ́tà mẹ́ta tí ìyá ọmọ ń rí lórí káàdì àjẹsára ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, Hib, sì tinú orúkọ yẹn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù àyà àti wíwú awọ ọpọlọ ni abẹ́rẹ́ náà ń dènà, kì í ṣe gágá. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń pani lára ni pé nínú ilé wa, bí imú bá ti dí, tí ara sì gbóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní kí ọmọ lọ ra kápúsù aláwọ̀ méjì wá ní ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Oògùn tó ń pa bakitéríà ni kápúsù náà, kò sì rí fáírọ́ọ̀sì ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn bakitéríà tó kù nínú ara bí wọ́n ṣe máa kọ etí ikún sí oògùn, tó bá wá di ọjọ́ tí òtútù àyà gidi bá dé, oògùn yẹn kò ní jẹ́ mọ́. Ní Jámánì, ẹnikẹ́ni kò lè rà á láìsí ìwé dókítà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbé Berlin àti Hamburg ka èyí sí wàhálà, wọ́n a sì ní kí àwọn ará ilé fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà. Nínú ọ̀ràn yìí, òfin náà ló gba tiwọn rò jù wọ́n lọ.

Ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà

Fáírọ́ọ̀sì gágá kéré débi pé bí a bá to 10,000 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní ju mìlímítà kan lọ. Oríṣi méjì tó ń da aráyé láàmú lọ́dọọdún ni A àti B. Oríṣi ẹ̀gún méjì ló wà lára rẹ̀: H ló fi ń di ara sẹ́ẹ̀lì mú kí ó tó wọlé, N ló sì fi ń gé ara rẹ̀ kúrò kí àwọn ọmọ tó bí nínú sẹ́ẹ̀lì lè jáde lọ. Bí ó ṣe ń bí ọmọ ló ń ṣe àṣìṣe nínú àdàkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gún rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, ara tó dá èṣín mọ̀ lè má dá tọdún yìí mọ̀. Nígbà mìíràn, ìyípadà náà kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìran rẹ̀ pín sí ege mẹ́jọ, bí fáírọ́ọ̀sì ẹyẹ àti ti ènìyàn bá sì pàdé nínú ara kan náà, wọ́n lè fi ege wọn ṣe pàṣípààrọ̀, kí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí jáde. Irú èyí ló fa àjàkálẹ̀ 1957 àti ti 1968.

Ṣùgbọ́n àkókò tó fi ń ṣiṣẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Láti ìgbà tó bá wọ ara, ó máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́rin kí ó tó hàn, ọjọ́ méjì ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ní i lè ti máa fún ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ kan ṣáájú kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó wọ reluwé abẹ́lẹ̀ ní Berlin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Èrèlé. Fèrèsé wà ní títì, èrò ti kún, ẹ̀wù òtútù onílàálàá ń fara ra ara wọn. Ara rẹ̀ yá gágá, ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó ń fi èkejì gbé fóònù sétí, ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí wọ́n fẹ́ kó. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀kán omi wínníwínní ń tẹnu rẹ̀ jáde, àwọn tó wúwo ń já bọ́ sórí ẹ̀wù ẹni iwájú rẹ̀, àwọn tó fúyẹ́ ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan wọlé ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, ó di irin kan náà mú, ó sì nu imú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro obìnrin yìí. Kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tí ìbá dá a padà lẹ́nu ọ̀nà reluwé. Omi Hamburg ní ẹ̀rọ kan tí ìjọba lè lọ fi yanrìn sí. Èémí ènìyàn kò ní ẹ̀rọ kan, ọ̀nà gágá sì pọ̀ tó bí ẹnu ṣe pọ̀ láàrin ìgboro.

Àwọn kan á sọ pé òtútù ló ń fà á, pé ẹni tó bá wọ ẹ̀wù tó nípọn, tó sì de fìlà, ti bọ́. A kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú èrò yìí, torí pé ní Jámánì, ìgbì gágá máa ń sábà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ó sì parí nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gágá ń jà ní Èkó pẹ̀lú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wọ ẹ̀wù òtútù. Bí òtútù bá jẹ́ ìdí, kí ló dé Èkó? Ohun tí òtútù ń ṣe ni pé ó ń lé ènìyàn wọlé, ó ń mú kí a ti fèrèsé, ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, fáírọ́ọ̀sì a sì pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ìdí nìyí tí àṣà àwọn ará Jámánì, tí wọ́n máa ń ṣí fèrèsé gbàràgàdà fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún nínú òtútù, tí àlejò láti ilẹ̀ wa fi ń rò pé wọ́n fẹ́ pa òun, fi jẹ́ àṣà tó ní làákàyè. Afẹ́fẹ́ tútù tó wọlé ń lé èyí tí gbogbo wa ti mí sínú rẹ̀ jáde.

Àwọn asẹ́ tó ń jò

Ẹni tó ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì mọ̀ pé bí aṣọ kan bá fẹ̀ lójú, èèrí a máa bá ògì wá. A kì í torí bẹ́ẹ̀ ju aṣọ náà nù kí a máa mu èèrí, aṣọ kejì la ń fi lé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni asẹ́ àkọ́kọ́, òun náà ni wọ́n sì ń bú jù pé ó ń jò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń yan irú fáírọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ yóò dojú kọ. Ti ìhà àríwá ayé, oṣù Èrèlé ni wọ́n ń yàn án, torí pé ó ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà láti pèsè rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ni, àsọtẹ́lẹ̀ a sì máa kùnà. Ní ìgbà òtútù 2017/18, fáírọ́ọ̀sì B tí wọ́n ń pè ní Yamagata ló gba Jámánì kan, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ olóríṣi mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà kò ní Yamagata nínú. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ 2018 ni STIKO, ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn àjẹsára ní Ilé Ìwádìí Robert Koch ní Berlin, wá ní kí wọ́n máa lo olóríṣi mẹ́rin. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ìgbì náà ti gbéra.

Iye àwọn tó kú lọ́dún náà ti fa àríyànjiyàn. Iye tí àyẹ̀wò fi ìdí gágá múlẹ̀ lára wọn tó 334,000. Nínú wọn, 1,674 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kú. Síbẹ̀ Ilé Ìwádìí Robert Koch ṣírò pé ikú tí gágá fà tó 25,100, èyí tó ga jù láàrin 30 ọdún. Àwọn kan ní àbùmọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa bí ikú gágá ṣe ń rí. Ìyá àgbà kan ní gágá, wọn kò fi òwú yẹ imú rẹ̀ wò, ibà lọ, ọkàn rẹ̀ tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ikú rẹ̀ sì ka àìsàn ọkàn. Kíkà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ náà nígbà tí ìgbì gágá ń jà, tí wọ́n sì ń yọ iye tó yẹ kó kú ká ní kò sí gágá kúrò nínú rẹ̀. Bí ìṣirò yìí bá jẹ́ àbùmọ́, ì bá máa rí òkú ní ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ní 2013/14, tí gágá kò lágbára, ìṣirò kan náà kò rí ikú àfikún kankan.

Àtakò tó kù sí abẹ́rẹ́ ni èyí tí gbogbo wa ti gbọ́: "Mo gbà á, ó sì tún ṣe mí." Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe ọ́. Ní ọdún tí àyàn bá bá a mu, ó máa ń dín àìsàn tó ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní ìwọ̀n 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí àrùn náà bá sì tún mú, ó máa ń fúyẹ́ sí i lára. Fáírọ́ọ̀sì tó ti kú ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní gágá. Ibà díẹ̀ tó lè tẹ̀ lé e jẹ́ àmì pé ara ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó mura tán, ìdí nìyẹn tí oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú fi dára láti gbà á. STIKO dá a lábàá fún ẹni tó ti pé 60 ọdún, aboyún, ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bíi ikọ́ fée àti ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìbánigbófò ìlera ló ń san owó rẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àfojúsùn Yúróòpù jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà, Jámánì kò dé ìdajì ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Asẹ́ wà nílẹ̀, àwọn tó yẹ kó fi sẹ́ omi kò fọwọ́ kàn án.

Asẹ́ kejì ni àwọn ìwà ojoojúmọ́: ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀, fèrèsé ṣíṣí, ikọ́ tí a wú sí ìgbápá dípò àtẹ́lẹwọ́. Fún ọdún púpọ̀, ó ṣòro láti fi hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí orílẹ̀-èdè kan lò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi ìgbà tí kòrónà dé. Ní ìgbà òtútù 2020/21, ìgbì gágá kò wá sí Jámánì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, wọn kò rí irú rẹ̀ rí: iye tí àyẹ̀wò fi hàn ní gbogbo ilẹ̀ náà kò pé 1,000. Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ á bi wá léèrè méjì. Àbí wọn kò yẹ ènìyàn wò tó? Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn dókítà kan wà káàkiri ìlú tó ń fi òwú gba nǹkan láti imú aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Berlin, lọ́dún náà wọn kò dáwọ́ dúró, wọ́n sì ń rí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn nínú òwú náà. Asẹ́ àyẹ̀wò tó mú ọ̀fìnkìn kò ní ṣàdédé gbàgbé gágá. Àbí kòrónà ló lé gágá kúrò lára ènìyàn? New Zealand dáhùn ìyẹn. Lọ́dún 2020, kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, gágá náà kò sì sí. Ìwà ènìyàn àti ìdádúró ìrìn àjò ló ṣe é. Kódà, Yamagata tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní 2018, wọn kò tún rí i ní ibikíbi láyé láti oṣù Ẹrẹ́nà 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni èyí: ṣé a óò máa ti ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà pa lọ́dọọdún nítorí gágá? Rárá. Owó tí ọdún yẹn ná àwọn ọmọdé, àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbà tó dá wà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni tó láàánú lójú lè dá lábàá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí ọdún náà kọ́ wa kò ju pé a lè ṣẹ́ gágá lápá, àti pé kì í ṣe ilẹ̀kùn títì nìkan ló ṣe é. Ìbòmú nínú reluwé tó kún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìgbì bá wà lókè kò ti ọjà ẹnikẹ́ni pa.

Asẹ́ kẹta ni àwọn ìwé ìlera máa ń kọ ní ìlà kan, tí wọ́n á sì kọjá: bí ara rẹ kò bá yá, dúró sílé. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a dúró sí. Ta ló lè dúró sílé? Títí di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, akọ̀wé ọ́fíìsì ní Jámánì ń gba owó oṣù rẹ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ó bá ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ a pàdánù owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a sì máa gba nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn náà. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ni, àpò ọ̀tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí gágá ń ràn jù lọ ni ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò lè rí owó gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà 1956, àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Schleswig-Holstein, ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá Hamburg, tí púpọ̀ nínú wọn ń kan ọkọ̀ ojú omi, daṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ IG Metall. Ọjọ́ 114 ni wọ́n fi dúró nínú òtútù náà. Òfin 1957 ṣe àtúnṣe díẹ̀, òfin 1969 sì fi òṣìṣẹ́ àti akọ̀wé sí ipò kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó pípé. Nínú gbogbo ohun tí Jámánì ti ṣe sí àrùn tó ń ràn láti ìgbà asẹ́ omi Kaltehofe, díẹ̀ ló lè ga ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà ló ṣe é.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ní àwọn ọ̀lẹ á máa fi gágá bojú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ìwé dókítà wà bí àìsàn bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, agbanisíṣẹ́ sì lè béèrè rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀lẹ kan tó sùn sílé ní ọjọ́ méjì wé òṣìṣẹ́ kan tó ń wúkọ́ láàrin ogún ènìyàn nínú ilé ẹrù ní èbúté Hamburg. Ọ̀lẹ náà ná ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Èkejì lè ná an ní òṣìṣẹ́ márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti oṣù Ọ̀pẹ 2023, dókítà tó ti mọ aláìsàn tẹ́lẹ̀ lè fún un ní ìwé ìsinmi ọjọ́ márùn-ún lórí fóònù bí àìsàn náà kò bá le, kó má baà lọ jókòó sí yàrá ìdúró kí ó máa wúkọ́ sí aboyún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá há, tí àyà ń dùn ún, tí ètè rẹ̀ ṣú, tàbí tí ibà rẹ̀ lọ tó tún padà pẹ̀lú agbára, kò gbọ́dọ̀ dúró sórí fóònù, ilé ìwòsàn ni ibi tó yẹ ẹ.

Asẹ́ yìí náà ń jò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó náà láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Wedding ní Berlin, bí gágá bá mú un ní ọjọ́ Jímọ̀, mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni oníbàárà ń pọ̀ jù. Alátà tó wà ní Oyíngbò mọ ohun kan náà ní tirẹ̀: bí kò bá ṣí ìsọ̀ lónìí, kò sí owó oúnjẹ alẹ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn dúró sílé. Ara ń ro wọ́n, wọ́n wé gèlè, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde.